Ẹwìrì Tó Ń Jò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òwe yìí. Mo ti fi ṣe àpẹẹrẹ nínú kíláàsì, mo ti fi ṣe ìbéèrè ìdánwò, mo sì ti yọ máàkì ẹni tí kò mọ ìgbà tí a ń lò ó. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí ọ̀ràn tí òwe náà bá mu gan-an wọ ilé mi, n kò rántí rẹ̀. Ọ̀ràn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ ó rí i pé kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣe.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kejìlá ọdún 2023, mo múra láti gbé ìyá mi lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí a ti ń retí ọjọ́ náà, nítorí pé èrò pọ̀ lọ́dọ̀ oníṣègùn ọ̀hún. Màmá ti wẹ̀, wọ́n ti we gèlè, wọ́n sì ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti aago mẹ́fà. Nígbà tí a jáde, ọkọ̀ mi wà níbi tí mo gbé e sí lálẹ́, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ débi pé ìdajì táyà ti wọ abẹ́ ara ọkọ̀. Mo ṣíná sí i, mo dúró, mo ń retí kí ó gbéra nílẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Kò gbéra. Ìyá mi na ọrùn, wọ́n wò ó títí. Wọn kò rí i tán, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n rí tó. Wọ́n ní, "Àkànní, ọkọ̀ rẹ kúnlẹ̀. Ta ló ń bẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Kí a tó rí takisí, kí takisí tó la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Ìbàdàn já, wọ́n ti pe orúkọ wa kọjá. Wọ́n ní kí a padà wá nínú oṣù Kìíní. Ojú tí kò ríran tó, ẹ tún ní kí ó dúró di ọdún tuntun! Màmá kò sọ nǹkan kan nígbà tí à ń padà bọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ wọn dùn mí ju èébú lọ, torí pé mo mọ̀ nínú ara mi pé ó ti lé ní oṣù kan tí ọkọ̀ náà ti ń sọ àìsàn rẹ̀ fún mi, tí èmi sì ń dá a lóhùn ohun tí kò bi mí.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ẹni tí kò ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tó gbé e dúró. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló jẹ́ pé sípíríǹgì irin ló gbé wọn ró. Bí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò, sípíríǹgì á sún kì, á sì tún nà padà. Ṣọ́ọ̀kì ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ náà máa fò sókè fò sódò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ kan wà tí kò ní sípíríǹgì irin rárá. Afẹ́fẹ́ ló gbé wọn dúró. Àpò rọ́bà líle kan, tí fọ́nrán tó yi wà nínú rẹ̀, ni wọ́n fi rọ́pò irin. Wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀kì, wọ́n sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ títí yóò fi le ju ti inú táyà lọ ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kékeré kan tó ń fi iná bátìrì ṣiṣẹ́ ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ náà. Fáàfù ló ń pín in fún ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ohun èlò kan sì wà nítòsí táyà tó ń wọn gíga ọkọ̀, òun ló ń ta kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ lólobó pé apá kan ti rẹlẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́ta bá jókòó sẹ́yìn, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á fẹ́ díẹ̀ sí i kí ọkọ̀ lè dúró dọ́gba. Ìdí nìyí tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń rìn bí ẹni tó ń léfòó lórí omi.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1955 ni Citroën gbé ọkọ̀ DS jáde ní ìlú Paris, èyí tí òróró àti gáàsì jọ gbé dúró. Ní ọdún 1957, Cadillac fi àpò afẹ́fẹ́ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ Eldorado Brougham ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1961, Mercedes-Benz fi irú rẹ̀ sí ọkọ̀ 300 SE ní Jámánì. Jámánì náà ni wọ́n ti ṣe tèmi, ní ọdún 2004. Tòkunbọ̀ ni mo rà á ní ọdún 2015. Mo mọ̀ pé ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀. Lójú ọ̀nà tó kún fún kòtò, ìyá mi nìkan ni ènìyàn tí mo mọ̀ tó lè sùn nínú ọkọ̀ láti Ìbàdàn títí dé Ìsẹ́yìn.

Ní ìparí oṣù Kẹwàá, bí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo ṣàkíyèsí pé apá òsì iwájú ọkọ̀ máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ láàárọ̀. Bí mo bá ti ṣíná, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí agbọ́n, ọkọ̀ á sì dìde. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń kùn fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Nígbà tó yá, ó ń kùn títí mo fi ń jáde ní ẹnu géètì. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá mẹkáníìkì tó ti ń tọ́jú ọkọ̀ fún mi láti bí ọdún mẹ́tàdínlógún. Àgbàlagbà ni, ó fi bí ọdún mẹ́fà jù mí lọ. Ìwé mẹ́fà ló kà, ṣùgbọ́n mo ti rí i tó fi etí kan mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì láti ẹ̀yìn ògiri. Ó yí ọkọ̀ náà po, ó gbọ́ bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ṣe ń kùn, ó wá ní, "Dókítà, ẹ fi ọkọ̀ yìí sílẹ̀ fún mi fún òru mẹ́ta."

Mo ní, "Òru mẹ́ta kẹ̀, Bàbá? Kí lẹ fẹ́ fi òru ṣe?"

Ó ní, "Mo fẹ́ wo bó ṣe ń sùn."

Mo rò pé àwàdà ni. Èmi tí mo ní ìpàdé lọ́jọ́ kejì, tí mo ní kíláàsì lọ́jọ́ kẹta, ta ni yóò fi ọkọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n máa wo oorun rẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi kan júwe ilé iṣẹ́ kan fún mi, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò. Mo lọ síbẹ̀. Wọ́n ki wáyà bọ ọkọ̀ lábẹ́ síárìn, kọ̀ǹpútà wọn sì kọ ọ́ síta pé afẹ́fẹ́ kò kún lásìkò tó yẹ kó kún. Wọ́n ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti rẹ̀. Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Owó oṣù mi kan àti ààbọ̀ ló bá a lọ, nítorí náírà ti jábọ́ láti oṣù Kẹfà ọdún náà, gbogbo ohun tó bá sì gba orí òkun wọlé ti di ọ̀wọ́n. Nígbà tí ọkọ̀ dìde kíá, inú mi dùn. Ìdùnnú ọ̀hún ló kó sí mi lórí tí mo fi pe ọ̀gá mẹkáníìkì mi lórí fóònù. Mo sọ fún un pé ayé ti kọjá ibi tó dúró sí, àti pé ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ni àwọn ọmọdé fi rí ohun tí òun fẹ́ fi òru mẹ́ta wá. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, Dókítà. Ọlọ́run á jẹ́ kó tọ́jọ́."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló lò. Òwúrọ̀ tí Màmá we gèlè dè mí ni kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tuntun náà dákẹ́.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kọ̀ǹpútà àwọn ọ̀dọ́ yẹn kò purọ́. Ó ní afẹ́fẹ́ kò tètè kún, òótọ́ sì ni. A kàn kò béèrè ìdí tí kò fi kún ni. A gbọ́ ariwo ẹni tó ń ṣiṣẹ́, a sì rò pé òun ló ń ṣàìsàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá pè mí jókòó. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà fún àwọn ní èdè tó yé ènìyàn. Mo ṣàlàyé bí mo ti ṣàlàyé fún ẹ̀yin náà lókè yìí: àpò kan wà, wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, òun ló gbé ọkọ̀ dúró, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ẹ ti kú, ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀ sì nìyí. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ti ń mirí.

Wọ́n ní, "Ẹwìrì ló ń jò. O sì ti gbàgbé."

Bí wọ́n ti dárúkọ ẹwìrì, ojú mi là. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí ìyá mi, ní Ìsẹ́yìn. Ọmọ bí ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n mú mi lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ wọn, iṣẹ́ tí wọ́n sì fún mi ni kí n máa fín ẹwìrì. Ẹni tí kò bá dé agbẹ̀dẹ rí lè má mọ̀ ọ́n. Igi ni wọ́n gbẹ́, ó ní ikùn méjì bí abọ́, wọ́n fi awọ ewúrẹ́ bo ojú abọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi ọ̀pá kọ̀ọ̀kan sí àárín awọ náà. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá gbé ọ̀pá sókè, ọwọ́ òsì á tẹ tirẹ̀ wálẹ̀. Báyìí ni afẹ́fẹ́ yóò ṣe máa gba ẹnu rẹ̀ lọ sínú iná láìdáwọ́ dúró. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo fín títí, irin kò pọ́n. Bàbá àgbà kò bá mi wí. Èmi fúnra mi ni mo rò pé mo ń ṣọ̀lẹ, mo wá tẹra mọ́ ọn, mo ń fín in kíkankíkan, títí apá mi méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bàbá àgbà di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní kí n dúró, pé apá mi kọ́ ló rẹ̀. Wọ́n mú ìyẹ́ adìyẹ kan, wọ́n ní kí n máa fín in díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń gbé ìyẹ́ náà káàkiri etí awọ. Nígbà tó dé ibì kan, ìyẹ́ náà mì. Ihò tó wà níbẹ̀ kò tó ojú abẹ́rẹ́. Wọ́n lẹ̀ ẹ́, wọ́n fi àdín pa awọ náà kí ó má baà tún sán, iná sì mú irin ṣáṣá kí oòrùn tó mú.

Nígbà tí mo rántí èyí, ojú tì mí. Ní ọjọ́ náà lọ́hùn-ún, èmi gan-an ni kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Ká ní bàbá àgbà ní irú ọgbọ́n tí mo lò ní oṣù Kọkànlá ni, wọn ìbá lé mi lọ sílé, wọn ìbá sì lọ mú ọmọ mìíràn wá láti fín ẹwìrì tó ń jò.

Ní ọjọ́ kejì, mo gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì mi lọ. Ó wà lábẹ́ ọkọ̀ kan. Nígbà tó jáde, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ àti níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí epo dúdú ti rin gbingbin. Ó sáré fà mí dìde. Ó ní, "Dókítà, aṣọ yín! Ẹ dákun, ẹ dìde." Mo ní, "Bàbá, mo ṣẹ̀ yín. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí fóònù, ẹ má fi bínú." Ó fi ọwọ́ nu àpá epo tó wà ní àyà aṣọ mi, epo ọwọ́ rẹ̀ sì tún kún un. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má gbé e wá. Bí ẹ bá wà á bó ṣe kúnlẹ̀ yẹn, ẹ óò pa ohun tó kù nínú rẹ̀. Èmi ni n ó wá."

Ó wá ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ méjì àti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí wọ́n fi ń géèjì táyà. Ó kí Màmá, Màmá sì sọ ọ̀rọ̀ ẹwìrì fún un. Ó pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò pe àpò rọ́bà yẹn ní orúkọ mìíràn mọ́. Èmi tí mo ti ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun tuntun, mo rí i bí ọ̀rọ̀ kan ṣe wọlé láàárín ìṣẹ́jú kan láìsí ìgbìmọ̀.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́, ó tú páìpù ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, ó gba ibẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn títí ọkọ̀ fi dúró dọ́gba, ó sì dá páìpù wọn padà. Ó yọ fíúsì kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ó ní kí ọkọ̀ má baà rí ẹni máa bò ó láṣìírí lóru. Ó fi téèpù wọn gíga ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti àárín táyà dé etí ara ọkọ̀ tó wà lókè rẹ̀, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé kọ iye náà sára ògiri mi. Láàárọ̀, a tún un wọ̀n. Ẹ̀yìn kò mira rárá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú ti fi sẹ̀ǹtímítà 2 rẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì iwájú ti fi 9 rẹlẹ̀.

Mo ní, "Ó tán, a ti rí i." Ó ní, "A rí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. A kò tíì rí ojú egbò." Ó ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ lè gba orí ẹwìrì fúnra rẹ̀ jáde, ó lè gba ẹnu páìpù, ó sì lè gba inú fáàfù tó ń pín in. Bí a bá pààrọ̀ ẹwìrì nígbà tó jẹ́ pé fáàfù ló ń jò, a ti tún ṣe bíi ti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ nìyẹn.

Ní ọjọ́ kejì, ó tún fẹ́ ẹ, ó sì po ọṣẹ mọ́ omi títí tó fi hó. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun ún sí ìdí páìpù, kò sí nǹkan kan. Ó kun ún sí ara fáàfù, kò sí nǹkan kan. Ó wá fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó sì fi ohun ìdádúró irin sábẹ́ rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ki orí bọ abẹ́ ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ nìkan gbé dúró. Bí ọkọ̀ ti gòkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà, ibi tí rọ́bà náà máa ń ká lé ara rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Ó fọ ẹrẹ̀ ibẹ̀ kúrò, ó kun omi ọṣẹ sí i. Ó pè mí. Mo tẹ̀ba, mo tan iná tọ́ọ̀ṣì. Níbi ká náà, àwọn ìlà tín-ín-rín bí ìlà àtẹ́lẹwọ́ arúgbó ló wà lára rọ́bà, láti inú ọ̀kan nínú wọn ni ìfòfó kéékèèké ti ń jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ojú ẹja. Wọn kò pariwo rárá. Ohun tó pa kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ méjì nìyí, tí etí kankan kò sì gbọ́ ọ.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráàyè wọ̀ ọ́. Ibi ká yìí ni rọ́bà ti máa ń tẹ̀ tó sì ń nà nígbà gbogbo tí ọkọ̀ bá ń rìn. Iyanrìn a máa kó sí i, ọjọ́ orí a sì máa gbẹ ẹ́, títí yóò fi sán. Lásìkò tí òtútù bá mú, rọ́bà a máa le sí i, ihò rẹ̀ a sì máa jò jù. Ìdí nìyí tí àìsàn náà fi ń burú sí i bí ọyẹ́ ti ń súnmọ́lé. Ní gbogbo òwúrọ̀, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ níláti dá ohun tó jò padà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe láti fẹ́ afẹ́fẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó sì sinmi kò rí ìsinmi mọ́. Ó gbóná, ó jẹ ara rẹ̀ nínú, ó kú.

Ní alẹ́ kẹta, ó yọ páìpù kúrò lára ẹwìrì òsì, ó dí ẹnu ẹwìrì, ó sì dí ẹnu páìpù lọ́tọ̀. Láàárọ̀, ẹwìrì ti rọ̀, afẹ́fẹ́ inú páìpù sì wà níbẹ̀ digbí. Ó ní ẹlẹ́rìí kan kò tó láti dá ẹjọ́ owó ńlá. Mo ti bá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ìwé oyè ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ni mo sì ń sọ fún wọn láìlè sọ ọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀.

Ó kù kí a mọ ohun tí a ó ṣe. Àwọn aládùúgbò mi gbà mí nímọ̀ràn pé kí n yọ gbogbo ẹwìrì dànù, kí n fi sípíríǹgì irin sí i. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, owó rẹ̀ sì kéré. Kì í ṣe àwa nìkan náà. Nítorí jíjò yìí kan náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ alátẹ́gùn ní Amẹ́ríkà ní ìparí àwọn ọdún 1950 ló yọ ọ́, tí wọ́n dá sípíríǹgì irin padà. Mo bi ọ̀gá mi léèrè. Ó ní, "Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, Dókítà. Iná ìkìlọ̀ á kàn máa tàn níwájú yín, Màmá ò sì ní lè sùn dé Ìsẹ́yìn mọ́. Bí owó kò bá sí, a ó ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ tìtorí owó. Kò gbọdọ̀ jẹ́ tìtorí pé a ò mọ ohun tó ń ṣe é." Mo ro ti oorun Màmá, mo sì wá owó.

A jọ lọ sí ọjà Ládìpọ̀ ní Mushin. Tòkunbọ̀ wà níbẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, ara rẹ̀ sì ń dán. Ó kọ̀ ọ́. Ó ní rọ́bà kì í béèrè bóyá wọ́n lò ó tàbí wọn ò lò ó, ó ń darúgbó náà ni; èyí tí a fẹ́ rà yìí lè jẹ́ ẹgbẹ́ èyí tí a fẹ́ yọ. Mo ní kí a ra tuntun kan fún ẹsẹ̀ òsì. Ó tún kọ̀. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo Ọlọ́ya ló ń ṣe: ẹsẹ̀ ọ̀tún tó fi sẹ̀ǹtímítà 2 rẹlẹ̀ ti ń bọ̀ lẹ́yìn. Méjì tuntun la rà, pẹ̀lú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ mìíràn. Owó tí mo ti ń tọ́jú láti fi pààrọ̀ páànù ilé ló bá a lọ.

Iṣẹ́ pípààrọ̀ kò tó ọjọ́ kan. Wọ́n gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n yọ táyà, wọ́n rọra tú páìpù kí afẹ́fẹ́ tó kù lè jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n tú nọ́ọ̀tì tó so ṣọ́ọ̀kì mọ́ òkè, wọ́n tú bóòtì tó so ó mọ́ ìsàlẹ̀, wọ́n sì fa ṣọ́ọ̀kì àti ẹwìrì rẹ̀ jáde lápapọ̀. Wọ́n ti tuntun bọ ipò rẹ̀. Ibi tí mo rò pé iṣẹ́ parí sí ni ọmọ iṣẹ́ kan ti fẹ́ sọ jáàkì kalẹ̀. Ọ̀gá kígbe mọ́ ọn. Ó ní a kì í gbé ẹrù lé ẹwìrì òfìfo: bí ọkọ̀ bá fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ tẹ rọ́bà tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, rọ́bà náà á ká bó ṣe wù ú, ibi tó bá ti ká ni yóò sì ti bẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i díẹ̀, wọ́n tún fi omi ọṣẹ wò ó, kí wọ́n tó sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́ kan tó ní kọ̀ǹpútà, kí ó wá tún gíga ọkọ̀ náà tò. Mo wò ó. Ó ní, "Ẹ̀rọ náà dáa, Dókítà. Ó kàn fẹ́ kéèyàn ti mọ ohun tí òun fẹ́ bi í ni."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo àyíká mi lójú mìíràn. Nínú ẹbí tèmi, ẹnì kan wà tí gbogbo wa ń pè ní oníjàgídíjàgan nítorí pé kì í dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ owó. Nígbà tí mo jókòó wo ìwé ìnáwó ẹbí, mo rí i pé òun ló ti ń dí ihò tí àwa yòókù dá sílẹ̀ fún bí ọdún mẹ́wàá. Ohùn ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọjá agbára la ń gbọ́, a sì ń fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Ihò kì í sọ̀rọ̀.

Nínú oṣù Kìíní ọdún 2024, mo gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú, a sì débẹ̀ kí wọ́n tó pe orúkọ wa. Nígbà tí à ń bọ̀, wọ́n bi mí pé, "Ṣé o san owó òru mẹ́ta ọkùnrin yẹn?"

Mo ní mo ti san gbogbo owó iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní owó pípààrọ̀ kọ́ làwọn ń wí, owó wíwò ni. Mo rò ó, mo rí i pé n kò san kọ́bọ̀ kan. Mo san owó rọ́bà, mo san owó irin, mo san owó ìṣẹ́jú mélòó kan tí kọ̀ǹpútà fi ṣì mí lọ́nà. Òru mẹ́ta tí àgbàlagbà kan fi wo bí ọkọ̀ mi ṣe ń sùn, ọ̀fẹ́ ni mo gbà á. Bẹ́ẹ̀ sì ni èmi ni mo máa ń ṣàròyé pé ìlú wa kò mọyì ẹni tó fi àkókò rẹ̀ wá ìmọ̀.

Mo yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà kí a tó délé, mo sì fún un lówó. Ó ní kí ni mo san án fún. Mo ní fún òru mẹ́ta. Ó ka owó náà, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, Dókítà, ẹnikẹ́ni ò sanwó yẹn fún mi rí." Màmá ti sùn lọ nínú ọkọ̀. Nígbà tí mo délé, mo bojú wo ògiri mi. Iye tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ṣì wà níbẹ̀. N kò nù ún.